Ìdílé Orúnkún

Aago mẹ́rin ti kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tí máṣíìnì mẹ́rin ti gba ìdajì ilẹ̀ ẹ̀, ọkùnrin kan tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun dúró lórí àpótí pákó. Ó wọ ṣòkòtò tuntun tí wọn ò tíì rán tán, píìnì mẹ́tàdínlógún ló sì dì í mọ́ ọn lára. Ṣòkòtò tó wọ̀ wá wà lórí ìṣó lára ògiri, fóònù ẹ̀ sì wà nínú àpò ṣòkòtò náà. Ẹni tó bá ti dúró báyẹn rí á mọ̀ pé kò sí òmìnira níbẹ̀: kò ṣeé jókòó, kò ṣeé bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣeé sá.

Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, téèpù lọ́rùn, píìnì mẹ́rin lẹ́nu.

"Má mí," ni ìyá wí.

"Èémí ni mo fi wà láàyè, mà."

"Fi pamọ́ díẹ̀. Bó o bá mí, ikùn á yọ síwájú, wàá tún ní èmi ni mo rán an kó há."

"Ó tiẹ̀ há, mà. Kì í ṣe níbi ikùn. Ó há mi lórúnkún."

"Á há! Ìwọ̀n orúnkún ẹ ò sí níbì kankan. Ta ló fà á? Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wá, ìwọ lo takú pé àfi kí n kọ orúkọ bàbá ẹ."

Ọkùnrin náà ò rí ibi tí orúkọ bàbá òun ti pàdé orúnkún òun, ṣùgbọ́n ẹni tí píìnì wà nídìí ẹ̀ kì í jiyàn. Ó yí ọ̀rọ̀ padà.

"Iṣẹ́ tuntun ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mà."

"Kú oríire. Èyí tó ò ń ṣe tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Wọ́n lé ọ ni, àbí ìwọ lo lé wọn?"

"Èmi ni mo fi í sílẹ̀."

"O dágbére?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó àjà.

Ìyá dìde, ó na téèpù yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan tó gbé ti ẹ̀rọ ìlọṣọ. "Ìbàdí, mẹ́rìndínlógójì."

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, mà."

"Ọdún wo?"

Ojú ọkùnrin náà ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà náà. Ó mọ àwọ̀ búlúù yẹn. Ó mọ àwòrán téèpù tó ká bí ìgbín lókè ẹ̀, nítorí òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ yà á, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.

"Ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà," ni ìyá wí, "wá bá mi wo nǹkan yìí. Díwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lò ó. Gbogbo ara oníbàárà mi ló wà níbẹ̀: èjìká, àyà, apá, ìbàdí, ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó ṣe é rántí gbogbo ibi tí Ọlọ́run fi ẹran sí, ó wá gbàgbé orúnkún."

"Bóyá kò mọ̀ pé ẹ nílò ẹ̀."

"Òun ò ní orúnkún ni? Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣẹ́ po, báwo ló ṣe ń jókòó síbi iṣẹ́? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ̀wé sí i nínú àpótí ẹ̀sùn. Mo kí i, mo béèrè ilé, mo béèrè ọ̀nà, mo wá ní: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú orúnkún wa. O mọ èsì tó ń fún mi?"

Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ ló kù kó bá a sọ ọ́.

"'A ti gbọ́. A ó wò ó bí àyè bá yọ.' Ọdún mẹ́rin! Adìẹ tó sàba, ọjọ́ mọ́kànlélógún ló ń lò. Àyè wo ni kì í yọ fún ọdún mẹ́rin?"

"Bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a ṣe, mà."

"'A' ló wí! Ṣé ẹnì kan ní í jẹ́ 'a'? Ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Mo ń fojú inú wò wọ́n: ilé olókè mẹ́fà, fèrèsé oní-gíláàsì, ọ̀gá kan tó sanra jókòó sórí àga tó ń yí, ó ń ka ẹ̀sùn mi, ó ń fi mu tíì."

Ọkùnrin náà rántí igun tábìlì oúnjẹ tó ti ń ṣiṣẹ́, láàárín apẹ̀rẹ̀ aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀ àti ago iyọ̀. Ó mi orí bí ẹni tó ń bá ìlú ọ̀tá kẹ́dùn.

"Dúró ná," ni ìyá wí. "N ó kọ ọ̀kan sí i báyìí, kó o gbọ́ bí mo ṣe ń fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀." Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé, ó ń kà á sókè bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Èmi náà tún ni. Mo ṣì ń bẹ̀ yín nítorí orúnkún." Ó tẹ bọ́tìnì.

Lára ògiri, ṣòkòtò dún: *kín-ín!*

"Ṣòkòtò ẹ ń pè ọ́."

"Ìyàwó mi ni, mà. Á dúró."

Ìyá tún tẹ̀wé. "Mo gbàgbé láti sọ pé aṣọ nọ́ọ̀sì mẹ́rìndínlógójì wà lọ́wọ́ mi." Ó tẹ bọ́tìnì.

*Kín-ín!*

Ìyá wo kọ̀ǹpútà. Ó wo ṣòkòtò. Ó wo ọkùnrin tó wà lórí àpótí. Ó kọ "Ẹ káàsán" péré, ó fi ránṣẹ́.

*Kín-ín!*

"Ìyàwó ẹ mà fẹ́ràn ẹ o."

"Ó... ó máa ń ṣàárò mi, mà."

Ìyá gbé ìka sókè, kò tẹ nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. "Àárò ti tán nìyẹn," ló wí. Ó fi àmì ìdánudúró kan ránṣẹ́, òun nìkan.

*Kín-ín!*

"Àárò tún dé."

Ó rìn lọ sídìí ìṣó, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó fa fóònù yọ, ó kà á sókè: "'Abẹ́rẹ́ Kì Í Sùn: Ẹ káàsán.' Orúkọ tí mò ń jẹ́ nínú Díwọ̀n nìyí." Ó yíjú padà, jẹ́jẹ́. "Ìwọ ni 'a'?"

"Èmi ni, mà. Èmi nìkan."

"Ilé olókè mẹ́fà ńkọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ tábìlì oúnjẹ ni, mà."

"Ọ̀gá tó sanra ńkọ́?" Ó wo ohun tó kọ sínú kọ̀ǹpútà. "Mẹ́rìndínlógójì. Ìyẹn ti ń bọ̀ lọ́nà."

"Ẹ̀yin ni Abẹ́rẹ́ Kì Í Sùn?" Ọkùnrin náà nawọ́ sí i. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bẹ̀rù yín! Mo rò pé ọkùnrin ni yín. Mo rò pé sọ́jà ni yín!"

"Sọ́jà tó ń bi ọ́ pé ilé ńkọ́? Ó dáa. Ọlọ́run ti bá mi mú ọ. Bọ́ síbí wá fi orúnkún sí i."

"Mà, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ orúnkún ti parí. Díwọ̀n ti fẹ̀yìn tì."

"Ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ tábìlì nílé wa, òun ló ń gbé gbogbo ẹ̀ dúró. Tó bá di aago márùn-ún, ìyàwó mi á fa wáyà ẹ̀, ó parí nìyẹn. Ìkókó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ibẹ̀ la fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sí."

"Àwọn ìwọ̀n mi ńkọ́?"

"Inú ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n wà, mà."

Píìnì kan jábọ́ lẹ́nu ìyá. Èkejì tẹ̀lé e.

"Nọ́ọ̀sì mẹ́rìndínlógójì! Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọ aṣọ wọ̀nyẹn wọṣẹ́. Mo ti wọ̀n wọ́n tán, oníkálukú ti gba ilé ẹ̀ lọ!"

"Ẹ ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan?"

"Ìwé wo? Ọjọ́ tí Díwọ̀n dé ni mo ti fi ìwé ìwọ̀n mi há ìdí tábìlì tó ń mì."

Ọkùnrin náà gbìyànjú láti na ara ẹ̀ tán bí agbẹjọ́rò. Píìnì kan rán an létí, ó tún ara kó jọ. "Mà, ọ̀fẹ́ ni. Ó sì wà nínú ìwé àdéhùn kedere pé ẹni tó ṣe é kò ṣèlérí kankan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ 'mo gbà' síbẹ̀."

"Bí ẹni tẹ aago ẹnu ọ̀nà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún mi."

"N kò sì ṣàìronú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ò ju mọ́kàndínlógún lọ. Tí mo bá sì wo orúkọ tó wà nínú ẹ̀rọ, ìdílé kan ṣoṣo ló ń lò ó ní tòótọ́. Ìdílé Orúnkún."

"Ìdílé kí ni?"

"Orúnkún, mà. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Orúnkún Mẹ́rìndínlógún, Orúnkún Méjìdínlógún, Orúnkún Ogún. Mo ní ìdílé àwọn èèyàn pàtàkì ni, tí wọ́n pọ̀ débi pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Mo ní bí mo bá fa wáyà, olórí ẹbí á pèpàdé, wọ́n á ra ìwé ńlá kan, gbogbo ẹ̀ á sì rọlẹ̀."

Ìyá Aránṣọ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e. Ó di tábìlì mú, píìnì tó kù lẹ́nu ẹ̀ fọ́n ká, ó ń fi ọwọ́ lu itan.

"Ọmọ mi! Èmi ni mo bí ìdílé yẹn!"

"Báwo, mà?"

"Ìwọ ò ṣe àpótí tí a ó kọ orúnkún sí nínú Díwọ̀n. Ibo ni kí n kọ ọ́ sí, iwájú orí mi? Àpótí orúkọ ìdílé ló máa ń ṣófo, torí n kì í béèrè bàbá ẹnikẹ́ni kí n tó rán ṣòkòtò fún un. Mo bá kọ ọ́ síbẹ̀: 'Nọ́ọ̀sì Kejì, Orúnkún Mẹ́rìndínlógún.' Aránṣọ tó wà lódìkejì títì rí i, ó ní ọgbọ́n mà nìyí. Mo kọ́ ọ. Òun náà kọ́ àbúrò ẹ̀. Mo wá kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ aránṣọ nípàdé. Ìwọ nìkan lo dé tó o ní àfi kí n kọ orúkọ bàbá ẹ sínú àpótí orúkọ bàbá. Òun ló jẹ́ kí ṣòkòtò há ọ."

Ọkùnrin náà dúró lórí àpótí, ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta oníbàárà..."

"Wọn ò bá ara wọn tan rárá!"

"Kí ló wá dé tí wọn ò kọ̀wé sí mi rí?"

"Ẹni tí aṣọ bá bá lára mu, ṣé ó máa ń padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wá pariwo? Ẹni tí bọ́tìnì ẹ̀ já lo máa ń rí. Àwọn yòókù ti wọ tiwọn lọ síbi iṣẹ́." Ìyá gbójú sí aago ògiri. Ogún ìṣẹ́jú ló kù. "Pe ìyàwó ẹ."

"Fóònù wà lọ́wọ́ yín, mà."

Ìyá ò dúró. Ó ti pè é. "Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o. Aránṣọ ọkọ yín ni. Rárá, kò gún ara ẹ̀. Ẹ̀rọ abẹ́ tábìlì yẹn ni... Ọwọ́ yín ti wà lára wáyà báyìí? Ẹ rọra yọwọ́ kúrò lára ẹ̀, bí ẹni ń yọwọ́ lórí ọmọ tó ń sùn... Ẹ kú sùúrù, ẹ ṣé... Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ìkókó ń bọ̀. Mo ti rí ibi tí a ó gbé ẹ̀rọ náà sí. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ mi ni. Ìkókó á sùn."

"Ó máa ń hó o, mà," ni ọkùnrin náà wí, nígbà tí fóònù kúrò létí ìyá.

"Máṣíìnì mẹ́rin ló wà níbí. Bó bá hó, wọ́n á bá a gbè é."

Ojú ọkùnrin náà wá yí padà. Ẹ̀rín ti kúrò nínú ẹ̀. "Ó túmọ̀ sí pé kò sí ìsinmi fún mi nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá, mà. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi. Bí mo bá jí, ẹ̀sùn. Bí mo bá jẹun tán, ẹ̀sùn. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kí ọmọ mi bá mi nílé, kó má bá ẹ̀yìn orí mi níwájú kọ̀ǹpútà."

Ìyá fa àga kékeré kan, ó jókòó. Ohùn ẹ̀ rọ̀.

"Ta ló ní kó o máa ṣe é títí ayé? Ẹni tó bá rẹ̀, kó sinmi. Ìsinmi ò lẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ojú ló dá a dúró. Kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: oṣù mẹ́fà ló kù. Kò gba aṣọ tuntun mọ́, ṣùgbọ́n ó rán èyí tó wà nílẹ̀ tán. Ó kọ ìwọ̀n oníbàárà kọ̀ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Ó fi ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mìíràn hàn wọ́n. Ó wá gbé gbogbo pátánì ẹ̀, bébà tó fi ń gé aṣọ, kọ́ sára ògiri, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá dà á kọ. Lọ́jọ́ tó ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó wá gbá a. O ò rí i pé ìyẹn ni ìsinmi? Bó o bá fa wáyà lónìí, n ó wá gbá ilẹ̀kùn ẹ lọ́la. Èmi àti nọ́ọ̀sì mẹ́rìndínlógójì. Nọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí èèyàn."

Ọkùnrin náà rò ó. "Pátánì tèmi ti wà lára ògiri tipẹ́, mà. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú Díwọ̀n wò, kó mú un, kó tún un ṣe. Bọ́tìnì kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń kó gbogbo ìwọ̀n yín jáde sórí bébà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méje."

"Níbo?"

"Ẹ̀yìn ojú ìwé kẹta, nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé."

"Àpò lo rán sí ẹ̀yìn àpò, o wá ń dúró kí èèyàn fi owó síbẹ̀! Gbé e wá síwájú."

"Màá gbé e, mà. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ló wá kù, òun la fi ń wọ ibi tí gbogbo ìwọ̀n yín wà. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ gbà á. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kọ̀wé, ó níwà gan-an: 'Ẹ̀gbọ́n wa àtàtà, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ Díwọ̀n fún mi, kí ẹ lọ sinmi.' Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́."

"Ó ti bá ọ tún nǹkan kan ṣe rí?"

"Rárá."

"Ó ti ráhùn sí ọ rí?"

"Kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kò bá ọ ránṣọ rí, kò ra aṣọ lọ́wọ́ ẹ rí, kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ béèrè. Kí lo rò pé ó fẹ́ wá mú ní ṣọ́ọ̀bù ẹ? Ìbàdí gbogbo ìlú ló wà lọ́wọ́ ẹ o, ọmọ mi. Ìwọ gan-an, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lò ń parọ́ fún èmi tí mo di téèpù mú."

Òógùn yọ lórí imú ọkùnrin náà. "Olùkọ́ kan wà," ló wí níkẹyìn. "Ọdún mẹ́ta ló ti ń fi àtúnṣe kéékèèké ránṣẹ́. Kì í sọ̀rọ̀. Á tún un ṣe, á bá tiẹ̀ lọ."

"Òun ni kó o bi. Bó bá gbà, o rí àrólé. Bó bá kọ̀, ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tó o dá, kó o fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Gba fóònù ẹ. Kọ ìkéde."

"Lórí ìdúró yìí?"

"Ẹni tí kò lè sá ló ń kọ òótọ́."

Ọkùnrin náà kọ ọ́, ó kà á sókè: "'Díwọ̀n ti parí. Ó dàbọ̀.'"

"Ìyẹn kúrú. Ìdí ti yọ sóde."

Ó tún kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó ka àwọn ìyà, ó dárúkọ àwọn tó bú u. Kò tíì dé ìdajì tí ìyá fi gbé sísọ́ọ̀sì.

"Ìyẹn ń wọ́ nílẹ̀. Gé e."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló bá wọn mu: Díwọ̀n á dákẹ́ ní oṣù mẹ́fà sí òní, ọjọ́ báyìí báyìí. Kò sí nǹkan tuntun mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá bàjẹ́, a ó tún un ṣe títí di ọjọ́ náà. Bọ́tìnì tí ẹ ó fi kó ìwọ̀n yín jáde á wà lójú ìwé kìn-ín-ní láti ọ̀la. Inú ẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí fún ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ síwájú. Ẹ ṣeun.

Ìyá mi orí. "Ó jókòó dáadáa. Fi ránṣẹ́."

Ó fi í ránṣẹ́. Àwọn méjèèjì ń wo fóònù bí ẹni wo omi tó fẹ́ hó. Ìṣẹ́jú kan kọjá, èkejì kọjá. Ọkùnrin náà fẹ́ dá ara ẹ̀ lójú pé òun ò retí ohunkóhun. Ọdún mọ́kànlá, bóyá ẹnì kan á tilẹ̀ sọ pé...

*Kín-ín!*

Abẹ́rẹ́ Kì Í Sùn ni. Ó gbójú sókè. Ìyá ti wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ká téèpù bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin náà kà á: "Ẹ ṣeun o. Ọdún mẹ́fà, ìwọ̀n kan ò sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run fi ọmọ tó ń bọ̀ dá yín lọ́lá."

Ojú ọkùnrin náà kún. "Mà..."

"Kà á dé ìsàlẹ̀."

Ó yí i lọ sísàlẹ̀. "Nígbà tí oṣù mẹ́fà ṣì wà nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ orúnkún."

"Mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ pé kò sí nǹkan tuntun mọ́!"

"Orúnkún kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni."

Ọkùnrin náà ronú lọ, ó ronú bọ̀. Ìdílé tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ò lè máa jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn títí wọn ó fi túká. "Ó dáa, mà. Màá ṣe é. Òun ló máa kẹ́yìn."

Inú ìyá dùn. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ píìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin lábẹ́ imú. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó gba ṣòkòtò ara ẹ̀ wọ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó ti ẹnu ọ̀nà jáde kó tó rántí ọjọ́ Ajé.

"Mà, ṣòkòtò tuntun yìí, ọjọ́ wo ló máa jáde?"

Ìyá Aránṣọ ti jókòó sídìí máṣíìnì, aṣọ nọ́ọ̀sì kìn-ín-ní ti wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kò gbójú sókè.

"A ti gbọ́. A ó wò ó bí àyè bá yọ."